Àpótí Irinṣẹ́ Kì Í Pín sí Mẹ́ta

Mẹ́rìndínlógójì ni ìfági tó pé sẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ káfíńtà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Victoria, ìyẹn ìfági onígi tí wọ́n fi ń fa ọnà sétí fèrèsé, sétí ilẹ̀kùn àti sídìí ògiri. Méjì-méjì ni wọ́n ń rìn, oríṣi méjìdínlógún. Nínú méjì kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan ní ikùn tó kó wọlé, òun ló ń fá ibi tí wọ́n bá fẹ́ kó yọ. Èkejì ní ikùn tó yọ síta, òun ló ń gbẹ́ kòtò. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí àwọn méjèèjì lára, láti 1 dé 18, torí bí ikùn ọ̀kan ṣe tẹ̀ ni ti èkejì ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá gba ọ̀kan láìgba ìkejì rẹ̀, ìdajì irinṣẹ́ ló gbà.

Ká ní ọkùnrin tó ni wọ́n bí ọmọ méjì tí wọ́n jọ ń ṣe káfíńtà, ó ṣe é pín. Kí ọ̀kan kó nọ́ńbà 1, 3, 5 títí dé 17, kí èkejì kó 2, 4, 6 títí dé 18. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń ta ìfági ṣe ń tà á fún ẹni tí owó rẹ̀ ò bá ká odindi, ààbọ̀ sẹ́ẹ̀tì náà sì tó fi jẹun. Bí wọ́n bá wá jẹ́ mẹ́ta ńkọ́? Méjìlá-méjìlá yóò kárí wọn, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, àmọ́ kò ní sí ẹni tí yóò ní odindi tàbí ààbọ̀ sẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Iye rẹ̀ lọ́jà á já pẹ̀lú, torí ẹni tó wá ra sẹ́ẹ̀tì kì í fẹ́ ra àfọ́kù.

Ibi yìí ni mo ti ń yapa sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé ìhágún àtijọ́, ìyẹn ìwé tí oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ bí wọ́n ṣe máa pín ẹrù rẹ̀ bó bá kú. Wọ́n á rí i pé bàbá kó àpótí irinṣẹ́ lódindi fún ọmọ kan, ó sì kọ owó díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó kù, wọ́n á ní ọmọ yẹn ni ààyò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ kì í pín nǹkan bí ẹni ń pín ẹran. Ohun tó ń rò ni ohun tí yóò ṣì ṣe é ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kejì ìsìnkú òun. Bí a bá fi ojú yẹn ka ìwé náà, ọ̀pọ̀ gbólóhùn tó dà bí àṣejù nínú rẹ̀ á di ohun tó nídìí. Ibi kan ló ti já rí fún ẹlòmíì tí wọ́n fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí oníṣẹ́ ọwọ́ náà kò bá kọ ìhágún kankan sílẹ̀, òfin ti bá a pín in tán. Lórí owó, ẹrù ilé, irinṣẹ́ àti ilé tí wọ́n gbà ní lísì (ìyẹn fún iye ọdún kan pàtó), òfin ọdún 1670 ni wọ́n ń lò: ìyàwó á mú ìdá kan nínú mẹ́ta, àwọn ọmọ á pín ìdá méjì yòókù lọ́gbọọgba, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bí kò bá bímọ, ìyàwó á mú ìdajì, àwọn ẹbí ọkọ á kó ìyókù. Ó di 1890 kí wọ́n tó ṣòfin pé kí opó tí kò bímọ kọ́kọ́ mú £500 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan. Ilẹ̀ àti ilé tó jẹ́ tirẹ̀ pátápátá kò sí nínú ìpín òfin 1670 yìí. Àkọ́bí ọkùnrin ló ni ín, òun nìkan.

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá á ti máa rò ó pé àrólé nìyẹn. Kì í ṣe òun. Àrólé ń di ilé mú fún gbogbo ọmọ bàbá ni, kò gbọdọ̀ tà á láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i. Àkọ́bí Gẹ̀ẹ́sì lè ta ilé náà lọ́la, kó kó owó rẹ̀ sápò, kí ìyá àti àwọn àbúrò máa wá ilé mìíràn gbé. Òfin yẹn ò kúrò nílẹ̀ títí di òpin 1925. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà máa ń bi bíríkìlà tàbí káfíńtà tó bá wá kọ ìwé ìhágún ni pé: ṣé ilé yìí jẹ́ tìrẹ pátápátá ni, àbí lísì ni? Ní London, lísì ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹni tó ní lísì, ẹrù lásán ni ilé rẹ̀ lójú òfin, ó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú àga àti ìkòkò.

Òfin tó wá sọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìhágún gan-an, ọmọ ọdún 1837 ni. Victoria ò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ìtẹ́ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1838. Ohun tó béèrè kò pọ̀. Kí ẹni náà ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Kí ó wà ní kíkọ. Kí ó buwọ́ lù ú nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ parí sí. Kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó ń buwọ́ lù ú, kí àwọn náà sì buwọ́ lù ú lójú rẹ̀. Ó rọrùn lẹ́nu. Níbi ibùsùn aláìsàn ló ti ń dojú rú.

Ẹ wo yàrá náà. Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, ọkùnrin náà ń mí gúlegúle, wọ́n ti kọ ìwé tán, ó ku ẹlẹ́rìí méjì. Ta ló wà nítòsí? Ìyàwó rẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ ni, àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó ń sùn lókè ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó láti jí sí i lóru náà ni orúkọ wọn wà nínú ìwé. Òfin sì sọ pé ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí, ohun tí wọ́n fún un nínú ìwé náà ti pàdánù lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìyàwó tàbí ọkọ ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan ló ṣe ẹlẹ́rìí, ẹni náà ti pàdánù bákan náà. Ìwé ò bàjẹ́ o, ẹ̀bùn ẹlẹ́rìí ló bàjẹ́. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kọ àpótí irinṣẹ́ fún, tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu ìwé náà láti ran ọ̀gá lọ́wọ́, ti fi gègé ju àpótí náà nù. Ìdí nìyẹn tí ẹlẹ́rìí inú ìwé ìhágún káfíńtà fi sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ ò kàn: akọ̀wé lọ́yà méjì, dókítà, tàbí ẹni tó ń ta ọtí ní ìkángun òpópónà.

Àwọn ibòmíràn tó tún ń já náà wà. Ẹni tó kọ̀wé kún ojú ewé tí kò fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀, tó wá lọ buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, kóòtù á dà á nù. Òfin 1852 ló dẹ okùn yẹn díẹ̀. Ẹni tó fa ìlà pa orúkọ ọmọ kan lẹ́yìn tí wọ́n ti buwọ́ lùwé, tó kọ ti ẹlòmíràn sókè rẹ̀, asán ló ṣe, àfi bí òun àti ẹlẹ́rìí méjì bá tún buwọ́ lu àtúnṣe náà. Ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ kú tó tún gbé òmíràn níyàwó, ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn gan-an ni ìwé tó kọ tẹ́lẹ̀ kú. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Wọ́n á tọ́jú ìwé náà sínú àpótí fún ogún ọdún, ọjọ́ tí wọ́n bá kú ni wọ́n á tó mọ̀ nílé pé òfin 1670 ni yóò pín in, ìyàwó tuntun á mú ìdá kan nínú mẹ́ta.

Láti pa ìwé ìhágún rẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Ní 1877, ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Cheese àti Lovejoy dé kóòtù. Ọkùnrin kan ti fi gègé fa ìlà lu ìwé rẹ̀, ó kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé òun ti fagi lé e, ó sì jù ú sáàárín ìwé ìdọ̀tí. Ọmọ ọ̀dọ̀ ṣà á, ìwé náà wà ní ilé ìdáná fún bí ọdún méje tàbí mẹ́jọ, títí ọkùnrin náà fi kú. Kóòtù ní ìwé yẹn ṣì múlẹ̀. Òfin ní kí ó jó o, kí ó ya á, tàbí kí ó bà á jẹ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èrò láti pa á rẹ́. Èrò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ya á, kò sì jó o.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn ìwé wọ̀nyí ni gínì mọ́kàndínlógún. Ẹ ó bá a níbi púpọ̀: fún ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́, gínì mọ́kàndínlógún. Kí ló dé tí kò pé ogún? Gínì kan jẹ́ ṣílè mọ́kànlélógún. Mọ́kàndínlógún rẹ̀ jẹ́ ṣílè 399, ìyẹn £19 àti ṣílè mọ́kàndínlógún. Ṣílè kan péré ló fi dín sí £20. Nígbà náà, ìjọba ń gba owó orí lórí ogún gẹ́gẹ́ bí ẹni náà ṣe bá olóògbé tan. Ìyàwó kì í san. Ọmọ ń san £1 nínú £100, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò £3, ẹni tí kò bá a tan rárá £10. Owó orí yìí kì í sì í mú ẹ̀bùn tí kò bá tó £20. Bí káfíńtà bá kọ £20 fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìjọba á yọ £2, £18 ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Bó bá kọ gínì mọ́kàndínlógún, gbogbo rẹ̀ ló máa gbà. Ó dín ṣílè kan kù nínú ẹ̀bùn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fi £1 àti ṣílè mọ́kàndínlógún jèrè. Wọ́n tún lè kọ ọ́ pé kí wọ́n má yọ owó orí kúrò nínú ẹ̀bùn náà, ṣùgbọ́n inú ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n ti máa san án nígbà náà, ohun tó ṣẹ́kù sì sábà máa ń jẹ́ ti opó.

Lórí ọ̀rọ̀ opó, gbólóhùn kan wà tó máa ń bí àwọn òǹkàwé òde òní nínú: kí ìyàwó mi máa gbé inú ilé náà, kó sì máa jẹ èrè orí owó náà, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ opó. Owú wà níbẹ̀, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òfin tó wà nílẹ̀. Kó tó di 1 oṣù Kìíní 1883, bí obìnrin bá lọ́kọ, owó ọwọ́ rẹ̀ àti ẹrù rẹ̀ ti di ti ọkọ. Bí opó bá tún fẹ́ ẹlòmíràn, ọkọ tuntun ló kó owó tí káfíńtà fi ọgbọ̀n ọdún fá pákó kó jọ, àwọn ọmọ káfíńtà á sì máa wò ó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ogún sọ́wọ́ olùtọ́jú méjì, kí wọ́n máa fún opó ní èrè rẹ̀, kí ojú owó sì wà fún àwọn ọmọ. Fún ọmọbìnrin náà, wọ́n á kọ ọ́ pé fún ìlò tirẹ̀ nìkan ni, kí ọkọ rẹ̀ má fọwọ́ kàn án. Òfin 1870 ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà, ti 1882 ló tú u tán.

Ọ̀rọ̀ kékeré náà lè ba ńlá jẹ́. “Àwọn ọmọ mi” lójú òfin ìgbà náà, ọmọ tí wọ́n bí sínú ìgbéyàwó ni. Ọmọ tí káfíńtà bí kó tó gbéyàwó kò sí nínú rẹ̀, àfi bó bá dárúkọ ọmọ náà. Ẹni tó fẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, tí ọ̀pọ̀ sì ṣe bẹ́ẹ̀ torí àbúrò náà ló ń bá a tọ́ àwọn ọmọ, òfin 1835 ti sọ ìgbéyàwó yẹn di asán títí di 1907. Bó bá kọ “ìyàwó mi” láìdárúkọ, àríyànjiyàn ti dé. “Irinṣẹ́ mi” ńkọ́? Ṣé bẹ́ńṣì wà nínú rẹ̀? Ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gọ́ọ̀mù ńkọ́? Pákó tó ń gbẹ lẹ́yìnkùlé? Àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó gé ṣe àpẹẹrẹ apá àga àti ẹsẹ̀ àga, tí iye iṣẹ́ tó wà nínú wọn ju iye igi wọn lọ? Ẹni tó mọṣẹ́ á ka gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Gbèsè ló ń kọ́kọ́ jẹun. Bí wọ́n bá san gbèsè àti owó ìsìnkú tán tó wá ku £120 láti fi san ẹ̀bùn owó tó jẹ́ £200, kálukú á gba ṣílè méjìlá lórí pọ́n-ùn kan. Ẹni tí wọ́n kọ £50 fún á rí £30. Ṣùgbọ́n wọn ò ní fọwọ́ kan ohun tí wọ́n dárúkọ ní pàtó, bíi àpótí irinṣẹ́ tàbí aago fàdákà, títí owó fi máa tán pátápátá. Nítorí náà, ọmọ tó gba àpótí wà lórí ilẹ̀ tó le ju ti ẹni tó gba owó lọ. Ewu tirẹ̀ ni pé bí bàbá bá ta àpótí náà kó tó kú, ó tán nìyẹn, wọn ò ní fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ilé tí wọ́n fi yáwó náà, láti 1854, ẹni tó jogún rẹ̀ ló jogún gbèsè orí rẹ̀. Gbogbo ohun tí wọn ò bá sì dárúkọ gbọdọ̀ ní ibi tó ń lọ. Ẹni tó gbàgbé láti kọ “gbogbo ìyókù” ti jẹ́ kí òfin 1670 gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ta ni wọ́n ń yàn ṣe alábòójútó ìhágún? Ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà ni, lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì bọ́gbọ́n mu. Òun ló mọ iye tí ìfági àlòkù ń pa, òun ló mọ oníbàárà tó jẹ gbèsè àga mẹ́fà. Kò ní owó iṣẹ́ kankan àfi èyí tí wọ́n bá kọ fún un. Gínì mọ́kàndínlógún tún nìyẹn, fún wàhálà rẹ̀. Ó ní ọdún kan gbáko kí ẹnikẹ́ni tó lè fi agbára béèrè ẹ̀bùn owó rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn èlé £4 lórí £100 lọ́dún ti bẹ̀rẹ̀. Bí olóògbé kò bá kọ ọ́ kedere pé kí ṣọ́ọ̀bù máa ṣiṣẹ́ lọ, iṣẹ́ alábòójútó ni kó parí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ kó sì tì í. Bó bá sì ń ṣe é lọ, gbèsè tuntun tó bá jẹ lè mú òun fúnra rẹ̀ dání. Ọmọ iṣẹ́ ló máa ń jìyà jù níbi yìí. Àdéhùn ìkọ́ṣẹ́ kú pẹ̀lú ọ̀gá. Ọmọ tó ti lo ọdún márùn-ún nínú méje lè rí ara rẹ̀ láìní ọ̀gá, láìní fíríìdọ́ọ̀mù, bí ọ̀gá ò bá ti bá a wá ẹlòmíràn tí yóò gbà á.

Fún ẹni tó fẹ́ wá irú ìwé yìí rí: títí di 1858, kóòtù ìjọ ni wọ́n ń gbé e lọ, ó lé ní igba, ti Canterbury sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó tóbi jù. Láti oṣù Kìíní 1858 ni ìjọba ti gbà á, wọ́n sì ń tẹ ìwé orúkọ jáde lọ́dọọdún: orúkọ, iṣẹ́, àdúgbò, ọjọ́ ikú, alábòójútó àti iye ẹrù. Ẹ ṣọ́ra fún iye yẹn. Nígbà yẹn “kò tó £200” ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe iye gan-an. Ilẹ̀ ò sì sí nínú rẹ̀ títí di 1898. Káfíńtà tó ní ilé mẹ́ta lè fara hàn níbẹ̀ bí aláìní. Owó ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù náà lè má sí níbẹ̀, torí òfin 1875 gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ dárúkọ ẹni tí yóò gba tó £50 láìlọ sí kóòtù. Wọ́n sọ ọ́ di £100 ní 1883.

Òfin 1837 yìí dé Èkó pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn káfíńtà àti bíríkìlà Àgùdà tí wọ́n dé láti Brazil bá a níbẹ̀, nígbà tí Victoria ṣì wà lórí ìtẹ́. Òfin ìgbéyàwó 1884 tún fi kún un pé ẹni tó bá gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì, bó bá kú láìkọ ìhágún, ìlànà Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi máa pín in. Ìdílé kan lè wá ní òfin méjì lábẹ́ òrùlé kan: ti ìdí-igi, tí wọ́n ń fi iye ìyàwó pín, àti ti ìdá mẹ́ta tí ìyàwó ń mú. Ó di 1962 kí ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó wà ní London tó fẹsẹ̀ ìdí-igi múlẹ̀ nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó dìde lórí ogún ọkùnrin kan tó ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Ọgbọ́n ìdí-igi àti orí-ò-jorí, èyí tí wọ́n ń fi iye ọmọ pín, iye ni wọ́n jọ ń wò. Àpótí ìfági á fún àwọn méjèèjì ní wàhálà.

Fún ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́, ẹrù wọn kéré débi pé kò sí ìwé kankan tó dé kóòtù. Ìwé tiwọn wà lára igi. Káfíńtà kọ̀ọ̀kan ní irin kékeré kan tí wọ́n gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sí lẹ́nu, yóò fi òòlù lù ú mọ́ imú ìfági kí wọ́n má baà jí i níbi iṣẹ́. Lórí ìfági àtijọ́, ẹ lè rí orúkọ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, èyí tó kẹ́yìn máa ń mú ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí orúkọ ìdílé bá yàtọ̀, ọmọ iṣẹ́ tàbí ẹni tó rà á lọ́wọ́ opó ni. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọ̀kan náà, tí lẹ́tà tó ṣáájú yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ. Bí bàbá bá sì fún ọmọ ní orúkọ ara rẹ̀, ọmọ náà kì í nílò irin mìíràn. Ti bàbá ni yóò máa lù lọ.